Máìkì méjì, áńpù kan: ẹ̀kọ́ tí gìtá tó sọnù kọ́ mi

Orin náà ti parí, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni onígìtá pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gìtá mi dà?" Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ọ ni. Ó ní orí fóònù lòun ti ń gbọ́ orin náà, òun ń gbọ́ ìlù, òun ń gbọ́ béèsì, òun ń gbọ́ akọrin, ṣùgbọ́n gìtá òun dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá kejì. Mo gbé fóònù tèmi, mo fi gbọ́ ọ. Òótọ́ ló sọ.

Máìkì méjì ni mo gbé síwájú áńpù rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gba orin náà sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ máìkì Shure SM57, mo sì gbé e sún mọ́ aṣọ iwájú sípíkà débi pé ìka kan ló lè gba àárín wọn kọjá. Èkejì jẹ́ máìkì ribbon, èyí tó ń fi irin fẹ́lẹ́ bíi rìbọ́ọ̀nù gbọ́ ìró. Èyí ni mo fà sẹ́yìn díẹ̀, torí mo fẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọ̀. Tí mo bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, ó mú, ó sì dùn. Tí mo bá gbọ́ ti èkejì nìkan, ó rinlẹ̀, òun náà dùn. Mo wá darí ọ̀kan sí etí òsì, mo darí èkejì sí etí ọ̀tún, gìtá sì gba gbogbo yàrá kan. Kò sí ohun tó ta mí lólobó pé nǹkan kan ti bàjẹ́, nítorí ìró méjèèjì kò tíì pàdé. Inú fóònù tó ní sípíkà ẹyọ kan ni wọ́n ti pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti pa ara wọn.

Odidi òru méjì ni mo fi fa EQ, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sódò, sókè-sódò. Mo gbé àárín gìtá sókè, kò yọ. Mo tún gbé e sí i, gbogbo ohun mìíràn ló ń pariwo, àmọ́ ihò tó wà láàárín ohùn náà kò dí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Níbi tí ìró méjì bá ti pa ara wọn rẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí EQ fẹ́ gbé dìde. Ìlọ́po mẹ́wàá òdo, òdo náà ni.

Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ iṣẹ́ ló gbà mí. Mo to máìkì méjèèjì padà bí wọ́n ṣe wà nínú fọ́tò, mo fi téèpù wọ̀n wọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni máìkì kejì fi jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bàjẹ́. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ wà ní 20°C, ìró máa ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 10 náà ń gba àkókò tirẹ̀: 0.29 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ìgbì tó bá ń gbọ̀n ní 1,715 Hz, ìyẹn ìgbà 1,715 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti rin ìdajì ìrìn rẹ̀ láàárín àkókò kékeré yẹn. Nígbà tó bá ń ti awọ inú máìkì kan wọlé, ńṣe ló ń fa ti èkejì jáde. Bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá di ilẹ̀kùn kan mú, tí ọ̀kan ń tì í, tí èkejì ń fà á, ilẹ̀kùn náà kò ní mì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gìtá nìyẹn ní 1,715 Hz, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 5,145 Hz. Láàárín méjèèjì, ní 3,430 Hz, wọ́n gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ wá ń ta létí jù. Bí a bá ya àwòrán rẹ̀, ó dà bí eyín òòyà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní comb filtering.

Ojú gìtá gan-an sì ni 1,715 Hz. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ ìka tó kan okùn. Okùn tó nípọn jù lọ ń dún ní nǹkan bí 82 Hz, ìgbì rẹ̀ sì gùn ju mítà 4 lọ, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 10 kò jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gìtá náà wà níbẹ̀ digbí, tí ojú rẹ̀ sì pòórá.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí àrùn méjì ni àwa oníṣẹ́ yìí ń fi orúkọ kan ṣoṣo, phase, pè. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, tó wá láti inú jíjìnnà. Èkejì ni polarity, ìyẹn ni pé ìgbì kan dorí kodò pátápátá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láìsí pé ó pẹ́ dé rárá. Mo pàdé èyí náà lọ́jọ́ mìíràn. Máìkì méjèèjì wà ní ìbákan náà, mo ti wọ̀n wọ́n, síbẹ̀ bí mo ṣe ń gbé fédà kejì, ohun tí a fi ń pọ̀ ohùn máìkì sí i, sókè ni béèsì ń sá lọ, tí gìtá wá kù tín-ín-rín bí okùn abẹ́rẹ́. Mo yí máìkì padà, kò tán. Mo yí ojú ihò tí mo kì í bọ̀ padà, kò tán. Wáyà ni. Ẹni tó jó o pọ̀ ti gbé pin 2 sí ipò pin 3, ìyẹn àwọn ẹsẹ̀ irin tó ń gbé ìró kọjá, ní orí kan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wáyà máìkì tuntun (XLR) tó bá wọlé sọ́dọ̀ mi, mo máa ń fi mítà iná yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ rèé: bí béèsì bá pòórá nígbà tí máìkì méjèèjì jọ ń dún, polarity ni mo ń fura sí. Bí béèsì bá wà, tí ohùn náà wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú páìpù, jíjìnnà ni. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Ø sí lára preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè, máa ń dorí ìgbì kodò, ó sì ń wo ti polarity sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè wo ti jíjìnnà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí máìkì tó pẹ́ dé, ẹ kàn ń kó ihò láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti dùn díẹ̀, wọ́n á sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí.

Ibi méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí bọ́tìnnì náà. Máìkì ribbon tó ń gbọ́ níwájú àti lẹ́yìn: ohun tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé á dorí kodò, nítorí náà ẹ wo ojú tí ẹ kọ sí sípíkà dáadáa. Ìkejì ni áńpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé máìkì sẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí sípíkà bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn mọ́ra, torí náà ẹ tẹ Ø fún máìkì ẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é nísinsìnyí kò le, sùúrù ló gbà. Mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí máìkì kan ṣoṣo ti dùn débi pé bí èkejì bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ á ṣì parí. Máìkì yẹn kò ní kúrò lójú kan mọ́. Èkejì ló ń rìn. Mo máa ń gbé e kí awọ inú rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Awọ ni mo wí, kì í ṣe ẹnu máìkì: ti òmíràn wà nítòsí ẹnu, ti òmíràn jìn sínú, ti ribbon sì sábà máa ń wà láàárín ara rẹ̀, tó ń gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Sípíkà fúnra rẹ̀ sì jìn ní àárín bí inú abọ́, tó fi jẹ́ pé máìkì tó kọjú sí àárín àti èyí tó kọjú sí etí rẹ̀ lè jìnnà bákan náà sí aṣọ iwájú, kí wọ́n má sì jìnnà bákan náà sí ibi tí ìró ti ń jáde. Téèpù máa mú yín dé ẹnu ọ̀nà, etí ló máa wọlé.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń gba inú áńpù náà tan pink noise, ariwo tó ń dún ṣáá bí òjò, kí ó má pariwo jù. Mo gbé máìkì méjèèjì sí àárín, kì í ṣe òsì àti ọ̀tún, mo sì mú kí wọ́n dọ́gba lórí mítà. Mo wá tẹ Ø lórí èkejì. Láti ìgbà yìí lọ, ohun tí kò dára ni mò ń wá: ibi tí ìró méjèèjì á ti pa ara wọn jù lọ. Mo ń sún máìkì náà ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, mo ń dúró, mo ń gbọ́. Àwọ̀ ariwo náà á máa yí padà, á máa fẹ́ lọ, á máa fẹ́ bọ̀, títí tó fi máa dé ibì kan tí ó súnkì lójijì, tí ó kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni. Mo de máìkì mọ́bẹ̀, mo tú bọ́tìnnì sílẹ̀, gìtá á sì jáde wá pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn wá ibi tó ti kún jù. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ó ń tan etí jẹ. Ohun tó bá pariwo díẹ̀ sí i máa ń dà bí èyí tó dára jù, etí á sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìró tó ń kú lọ kò ṣeé fara pa mọ́.

Bí ẹ bá dá ṣiṣẹ́, hẹ́ẹ̀dìfóònù nìkan kò tó, torí ariwo yàrá á máa bá yín wọ inú rẹ̀. Ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 10 sílẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú máìkì, lẹ́yìn náà ẹ lọ jókòó gbọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì ki orí bọ iwájú áńpù tó ń ké tantan nítorí pé ẹ fẹ́ sún máìkì. Ẹ pa á ná. Máìkì ṣeé rà padà, etí kò ṣeé rà.

Kò pọn dandan kí ìwọ̀n náà péye bí irun orí. Bí ìyàtọ̀ bá kù sí sẹ̀ǹtímítà 1, ibi tí ìró á ti kọ́kọ́ pa ara wọn ti bọ́ sí nǹkan bí 17,000 Hz, sípíkà gìtá kò sì sọ ohun kan tó ṣe gúnmọ́ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé díẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí á ti gbọ́ nípa òfin 3:1. Wọ́n máa ń fà á yọ fún mi nígbà gbogbo, wọ́n á ní kí n gbé máìkì kejì jìnnà sí àkọ́kọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí àkọ́kọ́ fi jìnnà sí orísun ìró. Òfin náà dára ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n orísun ìró tó yàtọ̀ síra ló wà fún, bí akọrin méjì tí kálukú wọn ní máìkì tirẹ̀, kí ohùn ẹnìkan má baà fi agbára wọ máìkì ẹnìkejì. Kì í ṣe fún máìkì méjì tó ń gbọ́ sípíkà kan. Ohun tí mo rí mú nínú rẹ̀ ni pé ìró tó bá fi nǹkan bí 10 dB (dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) kéré sí èkejì kò lágbára láti gbẹ́ ihò tó jìn sínú rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi sábà máa ń jẹ́ kí máìkì kan jẹ́ olórí, tí èkejì á kàn máa gbè é lẹ́yìn.

Ní ti gìtá tó sọnù yẹn, onígìtá ti rìnrìn àjò, a ò sì lè tún un gbà sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti tún un ṣe. Ní 48,000 sample, ìyẹn ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ìró sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ̀ǹtímítà 10 jẹ́ sample 14. Mo fa tíráàkì ribbon síwájú ní sample 14, mo gbé méjèèjì sí àárín, mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Ojú gìtá padà wá. Mo sì pè é padà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an láti tọrọ àforíjì.

Nítorí náà kọ̀ǹpútà lè ṣe é, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn kí ẹ fi í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Bí onígìtá bá ń gbọ́ ohùn tó ti bàjẹ́ nínú etí rẹ̀ nígbà tó ń ta á, ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ohùn náà. Á máa ta á le jù láti wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí sample tí a lè fà tó máa tún ìyẹn ṣe. Bí ẹ bá sì ń fi ojú wo ìgbì lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí onígìtá ti fọwọ́ dí okùn tó sì ta á kíá, kí ẹ wò ó bóyá méjèèjì kọ́kọ́ lọ sókè pọ̀ tàbí sísàlẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ dijú, kí etí parí rẹ̀.

Máìkì yàrá nìkan ni mi ò kì í fà síwájú. Èyí tó bá wà ní mítà 3 á pẹ́ dé ní nǹkan bí 8.7 ms, ìpẹ́ yẹn ló sì ń sọ fún olùgbọ́ pé yàrá náà tóbi. Mo máa ń yẹ polarity rẹ̀ wò, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mo tún máa ń lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìdúró máìkì, kí n sì kọ ìwọ̀n sí i. Bí onígìtá bá dìde lọ mu omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbá ìdúró náà láìmọ̀. Nígbà tó bá padà dé, kí ó tó gbé gìtá kọ́rùn, mo máa ń tẹ Ø lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tan ariwo náà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mo gbọ́ bóyá ó ṣì kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe wà, mo sì tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀.