Kámẹ́rà Onífíìmù Kì Í Déédéé Kú

Tí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà onífíìmù wá bá mi ní Ṣómólú, etí ni mo kọ́kọ́ máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ èyí tí kò fi iná ṣiṣẹ́, màá yí iyára ṣọ́tà rẹ̀ (ìyẹn ìbòjú kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù) sí ìṣẹ́jú àáyá kan, màá fa ọwọ́ tá a fi ń fa fíìmù, màá tẹ bọ́tìnì, màá sì gbé e sún mọ́ etí. Èyí tí ara rẹ̀ dá á ṣí, ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á kùn fún àáyá kan, á sì pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá kùn títí tó fi ju àáyá kan lọ dáadáa, tàbí tó ṣí tó kọ̀ tí kò pa dé, gíríìsì inú rẹ̀ ló ti gan. Ìyẹn kì í ṣe ikú. Ẹ fà á, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tún fà á, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, láìfi fíìmù sí i, ní gbogbo iyára tó ní. Òmíràn á jí. Èyí tí kò bá jí, ẹni tó ń tún aago ṣe tọ́wọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè fọ gíríìsì àtijọ́ náà kúrò.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà gidi ni àwọn ará ilé ti kó fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù nígboro Èkó, tí wọ́n ní ó ti kú. Ó máa ń dùn mí wọra. Ooru àti ọ̀rinrin ìlú yìí ló ń bá wọn jà ju ọjọ́ orí lọ, ohun tí ooru àti ọ̀rinrin bá sì bà jẹ́, ọwọ́ lè tún ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe.

Láìpẹ́ yìí ni àbúrò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Yaba gbé Canon AE-1 bàbá rẹ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni, sà."

Mo ní kó jókòó. AE-1, tó jáde ní 1976, iná bátìrì ló ń gbé ṣọ́tà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ fólítì 6. Bí bátìrì yẹn ò bá sí níbẹ̀, tàbí bí iná ò bá dé ibi tó yẹ, bọ́tìnì ò ní ṣiṣẹ́, ọwọ́ tá a fi ń fa fíìmù náà ò ní lọ, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú pátápátá. Mo fi èékánná ṣí ilẹ̀kùn bátìrì (ẹ má fi sùkúrúdíráfà ṣí i o, ọ̀rá ni, ó máa ń kán wẹ́rẹ́). Bátìrì àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, omi ti jáde lára rẹ̀, ó gbẹ, ó di ẹ̀fun funfun òun àwọ̀ ewé sára irin tó ń gba iná. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo ti òwú tá a fi ń nu etí bọ inú omi rẹ̀ díẹ̀, mo fi ra irin náà. Ó hó ṣììì, ẹ̀fun náà sì ń bọ́. Omi kíkan ló ń ṣẹ́gun ohun tó ń jò lára bátìrì álíkáláìnì. Fínígà á ṣe é bákan náà. Lẹ́yìn náà ni mo fi sípírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́. Àbúrò náà tẹ bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Ó dún! Ọmọ náà dìde dúró.

Àmọ́ ó ń han fíìn bó ṣe ń dún. Ohùn yẹn wọ́pọ̀ lára irú kámẹ́rà yìí. Jíà kékeré tó ń gbé dígí sókè ló ti gbẹ, òróró aago ẹ̀kán kan péré ló ń fẹ́, lójú ibi tó yẹ gan-an. Mo ní kó má ṣe da òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lọ́nàkọnà, torí òróró tó bá ṣàn dé ibi ṣọ́tà á dá ìṣòro tó ju ti àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀.

Tí mo bá máa gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn, Pentax K1000 ni màá ní kó wá. Wọ́n ṣe é láti 1976 títí di 1997, torí náà ó ṣì pọ̀ nínú ọjà tòkunbọ̀. Bátìrì kékeré rẹ̀, LR44, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń bọ́. Bí kò bá sí bátìrì rárá, kámẹ́rà á ṣì ya fọ́tò ní gbogbo iyára rẹ̀. Kò ní ibi tá a ti ń pa mítà náà, ẹ ṣáà ti máa fi ìdérí bo ojú lẹ́ńsì tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á tán. Tí mítà bá sì kú lójú iṣẹ́, oòrùn Èkó tó mítà: fíìmù 200 (nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀), ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ní f/16, iyára ṣọ́tà ní 1/250. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹ ṣí i sí f/11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Minolta SRT 101 àti Olympus OM-1 yàtọ̀. Bátìrì mẹ́kúrì ni wọ́n ṣe mítà wọn fún, fólítì 1.35, wọn ò sì ṣe bátìrì yẹn mọ́ nítorí májèlé inú rẹ̀. Bátìrì álíkáláìnì tó wọ ibẹ̀ jẹ́ 1.5, mítà á wá máa rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, fọ́tò á ṣókùnkùn. Bátìrì ẹ̀rọ etí àwọn tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, èyí tó ń lo afẹ́fẹ́, nọ́ńbà 675, súnmọ́ ọn jù lọ. Ó kéré díẹ̀, ẹ wá òrùka rọ́bà tó máa dì í mú.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ló ká mi lára jù. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, lẹ́ńsì tó wà nínú àpò aláwọ rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dúróòbù ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ni. Ẹ ṣí ihò rẹ̀ pátápátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta ẹ̀ka lára dígí, bíi ti búrẹ́dì tó ti bu, fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú lẹ́ńsì lè nù ún kúrò. Bó bá pẹ́, á jẹ àwọ̀ tí wọ́n fi kun dígí náà, ìyẹn kò sì ṣe é dá padà. Àpò aláwọ ni ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, torí awọ máa ń mu omi sára. Ike oúnjẹ tó ní ìdérí líle ni tèmi ń gbé, pẹ̀lú silica gel. Tí silica gel bá ti mu omi yó, mo máa ń da hóró rẹ̀ sínú páànù gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́ kó tún gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì kọ́. Eruku ìrẹsì ni yóò kù sínú lẹ́ńsì.

Ooru náà tún máa ń yọ́ gíríìsì lẹ́ńsì sára àwọn abẹ wẹ́wẹ́ tó ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka ti irin kékeré tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: kíá ló gbọ́dọ̀ padà. Bó bá ń lọ́ra, gbogbo fọ́tò yín níta oòrùn á funfun ju bó ṣe yẹ.

Nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, pàápàá nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà nì, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa ní 1968, ó sì pa nẹ́gẹ́tíìfù wọn mọ́. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí ṣùkú àti kíkó òwú ìgbà náà lónìí nìyẹn.

Bí ìlà pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn bá ń gba inú fọ́tò yín kọjá, fóòmù tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà ló ti yọ́. Ẹ ó rí i, dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ẹ fi igi ìtayín àti sípírítì yọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ó já sórí ṣọ́tà. Òwú wúùlù dúdú tí àwọn ìyá fi ń hun fìlà ọmọ tuntun, tó wà ní Balógun, ni mo ń tẹ́ sí ojú ibi tí fóòmù náà wà tẹ́lẹ̀. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

Èmi ni mò ń fọ fíìmù dúdú-òun-funfun mi nílé. Ìwé tó bá D-76, oògùn tá a fi ń fọ fíìmù, wá ní fíìmù HP5 á lo ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ nínú ògidì oògùn tí wọn ò bù omi sí, ní ìwọ̀n 20 lórí témómítà. Omi ẹ̀rọ wa gbóná jùyẹn lọ fíìfíì. Pure water tó ti dì ni mo máa ń kó sínú bàsíà, láìtú ọ̀rá rẹ̀, tí màá gbé ìgò oògùn sáàárín wọn títí témómítà á fi sọ̀ kalẹ̀. Ti fíìmù aláwọ̀, ìwọ̀n 38 ló ń fẹ́, èyí sì rọrùn fún wa láti dé ju fún ẹni tó wà lókè òkun lọ.

Ó ku fíláàṣì. Èyí tó ti wà nínú àpótí tipẹ́tipẹ́, ẹ fi bátìrì tuntun sí i, kẹ́ ẹ tàn án kó gba agbára, kẹ́ ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún yìn ín. Ẹ má tú u rárá, iná tó ju fólítì 300 lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ bátìrì. Ẹ má sì gbé fíláàṣì Vivitar 283 ti ìgbà àkọ́kọ́ sórí kámẹ́rà ìgbàlódé yín, iná tó ń jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jó o. Lórí kámẹ́rà irin àtijọ́, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ya òde, tí apá kan fọ́tò dúdú kirikiri tí ìyàwó sì wà ní apá kejì, fíláàṣì kọ́ ló bàjẹ́, iyára ló pọ̀ jù. K1000 kò gbọdọ̀ kọjá 1/60, Nikon FM kò gbọdọ̀ kọjá 1/125. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, àmì X tàbí àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi sàmì sí nọ́ńbà náà. Ẹ yí i síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ gbọ̀ngán.