Ohun Tí Onílé Gbọ́dọ̀ Sọ Kó Tó Ta Ilé: Fún Ọmọ Okun Tó Ń Rà Lókè Òkun Àti Nílé

Ní Kàbà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bí omi bá máa ń wọ ilé kan, aládùúgbò á ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní Houston tàbí London, ta ló mọ àlejò débi tí á fi pè é sẹ́yìn? Ibi tí òfin ti wọlé nìyẹn, àmọ́ òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì gan-an. Ẹni tó bá fi ojú Texas ra ilé ní England, tàbí tó fi ojú England ra ilé ní Kàbà, owó rẹ̀ lè wọgbó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Texas. Abala 5.008 nínú òfin ilé àti ilẹ̀ wọn ní kí ẹni tó ń ta ilé tí ìdílé kan ń gbé kọ ohun tó mọ̀ nípa ilé náà sínú ìwé, kó sì fún olùrà kí àdéhùn tó múlẹ̀. Bí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé láìrí fọ́ọ̀mù yìí, olùrà ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti jáwọ́, kò sì sí ẹni tó lè bi í léèrè ìdí. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè nípa òrùlé, ìpìlẹ̀, ikán, iná tó ti jó níbẹ̀ rí, àti yàrá tí wọ́n fi kún ilé láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn omíyalé tí ìjì Harvey fà ní 2017, wọ́n fẹ ìbéèrè orí omi lójú ní 2019: ṣé omi ti wọ ilé yìí rí? Ṣé ó wà lójú ọ̀nà àgbàrá? Ṣé ó wà níbi tí omi adágún tí ìjọba sé lè kún dé? Ṣé wọ́n ti gba owó ìṣedúró (insurance) tàbí ìrànwọ́ ìjọba nítorí omi? Ẹni tó bá ń ra ilé lápá Addicks àti Barker, adágún méjì tí ìjọba sé ní ìwọ̀-oòrùn Houston, kó ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí onílé mọ̀ nìkan ni òfin ń bi í. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ “n kò mọ̀” láti òkè délẹ̀. Bí ẹni tó ti ń gbé ilé fún ọdún méjìlá bá ní òun kò mọ̀ bóyá òrùlé ń jò, ẹ tún un bi nínú ímeèlì, kí ìdáhùn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Ẹ ní kó gba àkọsílẹ̀ ìṣedúró tí wọ́n ń pè ní CLUE wá. Gbogbo owó tí wọ́n bá ti béèrè lórí ilé náà láàárín ọdún 7 ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ yẹ àṣẹ ìkọ́lé wò lọ́fíìsì ìlú. Fọ́ọ̀mù yìí kò sì kan gbogbo ènìyàn: ilé tí báǹkì gbà lọ́wọ́ ajigbèsè, ilé tí alákòóso ogún òkú ń tà, àti ilé tuntun tí ẹnì kankan kò tíì gbé, gbogbo wọn ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú tiyín náà ṣì níṣẹ́. Ilẹ̀ Houston jẹ́ amọ̀ tó ń wú nígbà òjò, tó sì ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìpìlẹ̀ á sì máa bá a rìn. Ẹ wo ìlà tó ń gun bíríkì bí àtẹ̀gùn. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fá lórí kó lè máa pa dé. Bí pákó ìsàlẹ̀ ògiri bá jẹ́ tuntun ní yàrá kan ṣoṣo, tí ọ̀dà ibẹ̀ sì dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí omi ti ṣe níbẹ̀.

Jákèjádò Amẹ́ríkà, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 ní òfin tirẹ̀ nítorí òjé (lead) inú ọ̀dà: onílé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mọ̀, kó fún olùrà ní ìwé ìléwọ́ ìjọba, kó sì fún un ní ọjọ́ 10 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí lè san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí olùrà pàdánù. Ní Maryland, onílé lè ní “bó ṣe wà ni mo tà á”, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sọ àbùkù tó pamọ́ tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, bó bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá ti kú sínú ilé náà rí ńkọ́, ìbéèrè tí ìyá wa nílé máa kọ́kọ́ bi yín? California ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 3. Texas kò fi dandan lé ikú àtọ̀runwá tàbí ti ẹni tó pa ara rẹ̀.

England le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún olùrà. Níbẹ̀, olùrà ni kó la ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà onílé máa ń fún onílé ní fọ́ọ̀mù TA6 láti dáhùn, tó ń béèrè nípa ààlà, ìjà pẹ̀lú aládùúgbò, omíyalé, àti koríko Japanese knotweed tó ń ba ilé jẹ́. Bó bá ti dáhùn, ó gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ òfin Misrepresentation Act ti 1967, olùrà sì ní ọdún 6 láti pẹjọ́. Nínú ẹjọ́ kan ní 2023, onílé tó fi àmì sí “rárá” lórí koríko yìí san £32,000, láìka owó lọ́yà.

Bí ẹ bá rí àbùkù lẹ́yìn tí ẹ ti kó wọlé, ẹ má tíì tún un ṣe. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ti pẹ́ tó. Ẹ kó fọ́ọ̀mù, ìpolówó ilé àti gbogbo ímeèlì jọ. Ibi tí ẹjọ́ ti máa ń fọ́ ni ẹ̀rí pé onílé mọ̀. Rìsíìtì àtúnṣe àtijọ́, aládùúgbò, tàbí oníṣẹ́ tó ti bá a lẹ ibẹ̀ rí ló ń yanjú rẹ̀. Bí ẹni tó yẹ ilé wò fún yín bá sì ti kọ àbùkù náà sínú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rà á, ó nira kí ẹ ní onílé tàn yín. Ní Texas, ilé ẹjọ́ kékeré ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò ju $20,000 lọ. Lọ́yà ló máa sọ bóyá kí ẹ béèrè owó gbà-má-bínú tàbí kí wọ́n tú ọjà náà ká.

Ó ku ilé tí ẹ fẹ́ rà ní Mọ̀pà tàbí Ìyàrà. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, kò sí fọ́ọ̀mù kankan, ògiri tó là sì jẹ́ ti olùrà láti rí. Ohun tí onílé gbọ́dọ̀ tú síta ni àbùkù tó pamọ́ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilé: pé ó ti fi dúró ní báǹkì, pé ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, pé ilé ẹbí ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, ẹbí lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Bí ọmọ ẹbí kan bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí, lójú òfin, kò tà á rárá. Òfin ilẹ̀ ti 1978 tún fẹ́ àṣẹ gómìnà lórí ilẹ̀ tó ní ìwé ìjọba ìpínlẹ̀. Ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú August 1991, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Kwara ló fún wọn, nítorí náà ẹ wádìí ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ sì béèrè bóyá fáìlì rẹ̀ ti kúrò ní Ìlọrin.

Ohun tí ó sì ń dun ọmọ òkè òkun jù lọ rèé: ohun tí onílé bá sọ fún ẹ̀gbọ́n tí ẹ rán níṣẹ́, lójú òfin, ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbọ́ ọ tó sì dákẹ́, onílé ti bọ́. Kí ẹ̀gbọ́n máa kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀ lórí WhatsApp. Kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé onílé á dá owó padà bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀tọ́ tó jù ú lọ gba ilé náà. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà sì tọwọ́ bọ ìwé náà kí owó tó kúrò ní àkáǹtì yín.