Ìrìnàjò Wa sí Carlisle, Ìlú Ikọ̀ Agbábọ́ọ̀lù Ọdún 1912

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbéra ní Baltimore, tí a gba ọ̀nà 83 lọ sí ìhà àríwá, nítorí mo ti sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́ kí n máa ka ìtàn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Carlisle ti ọdún 1912 nínú ìwé nìkan. Ìlú Carlisle, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kò tóbi. Ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá àti ọkọ̀ tírélà ló kọ́kọ́ ń pàdé àlejò, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé àárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ àtijọ́, a rí òkúta ìrántí tí wọ́n kọ orúkọ Jim Thorpe, balógun ikọ̀ náà, sí. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ọmọ ìlú yìí ni?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ẹ̀yà Sac and Fox ni, láti Oklahoma. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé e dé ibí."

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Carlisle Indian Industrial School, tí ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Richard Henry Pratt dá sílẹ̀ ní 1879 nínú àgọ́ àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn wá síbẹ̀, wọ́n ń gé irun wọn, wọ́n ń bọ́ aṣọ ìbílẹ̀ lára wọn, wọ́n ń sọ wọ́n ní orúkọ òyìnbó, wọ́n sì fòfin de èdè wọn. Kí wọ́n tó tì í pa ní 1918, ó lé ní 7,500 ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n nà mí lẹ́gba nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí pé mo sọ Yorùbá, èdè ìyá mi tí wọ́n ń pè ní fànákúlà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ni mo ń padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fojú kan ilé fún ọdún púpọ̀.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní òpópónà North Pitt, mo dúró pẹ́ níwájú àwòrán méjì tí wọ́n yà fún ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yà Navajo kan tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, Tom Torlino. Nínú èyí àkọ́kọ́, irun rẹ̀ gùn dé èjìká, yẹtí ńlá wà létí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú èkejì tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n ti gé irun náà, wọ́n ti wọ kóòtù sí i lọ́rùn, yẹtí ti lọ, ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà.

Bọ́ọ̀lù tí ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí gbá ló gbé mi wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ bó ti rí. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń há sí abíyá sáré, tí àwọn alátakò sì ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 1912, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún òfin rẹ̀ ṣe: pápá dín kù sí 100 yáàdì, ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ gba àǹfààní 4 dípò 3 láti fi rin 10 yáàdì, ẹni tó bá sì gbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun ọ̀tá gba ayò 6 dípò 5. Glenn Warner, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pop, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Thorpe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà méjì nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Stockholm, ni balógun ikọ̀. Gus Welch, ọmọ ẹ̀yà Ojibwe, ló ń pàṣẹ eré lórí pápá.

Ìdíje 14 ni wọ́n gbá láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kọkànlá, wọ́n sì jáwé olúborí nínú 12. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ gbá ní ìlú mìíràn. Wọ́n fi 65 sí 0 lu Villanova, wọ́n fi 33 sí 0 lu Syracuse, wọ́n sì fi 45 sí 8 lu Pittsburgh. Washington and Jefferson nìkan ni wọ́n bá ta ọ̀mì, 0 sí 0.

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ni wọ́n dé West Point, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀. Ọdún 22 péré ló ti kọjá lẹ́yìn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà pa àwọn ẹ̀yà Lakota nípakúpa ní Wounded Knee, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ Carlisle tí kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ológun ló kọ́kọ́ gba ayò 6. Ṣùgbọ́n Warner ti to àwọn asáré rẹ̀ lọ́nà tuntun, ó fi wọ́n sí etí ọ̀tún àti etí òsì, tí àwọn ológun kò fi mọ ọwọ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí. Inú bí balógun ikọ̀ wọn, Leland Devore, débi pé ó gbéjà ko Joe Guyon, agbábọ́ọ̀lù Carlisle, rẹfirí sì lé e jáde. Dwight Eisenhower, tó padà di Ààrẹ Amẹ́ríkà, wà nínú ikọ̀ ológun náà. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sáré láti gbá Thorpe mọ́ àárín, Thorpe dúró lójijì, àwọn méjèèjì sì forí sọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, Carlisle ti fi 27 sí 6 borí. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan ṣoṣo tí ǹ bá fẹ́ fojú rí nínú ìtàn bọ́ọ̀lù yìí, ọjọ́ náà ni mo máa mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Yunifásítì Pennsylvania fi 34 sí 26 borí wọn ní Philadelphia. Ó dun mí bí ẹni pé àná ni. Wọ́n fi 32 sí 0 lu Brown parí sáà náà, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kìn-ín-ní 1913, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà méjèèjì lọ́wọ́ Thorpe nítorí pé ó ti gba owó díẹ̀ níbi tó ti gbá baseball. Ọdún 2022 ni wọ́n tó padà kà á sí olúborí kan ṣoṣo nínú ìdíje Òlíńpíìkì méjèèjì náà.

Àgọ́ ológun ṣì ni ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà títí dòní, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé wọlé. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ tó kú síbẹ̀ ni a lọ wò ṣáájú kí a tó padà: òkúta funfun kéékèèké tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ àti ẹ̀yà lára wọn, àwọn kan sì wà tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tó sùn sábẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn ti gbé ohun ìṣeré ọmọdé àti ìlẹ̀kẹ̀ lé wọn. Láti ọdún 2017 ni àwọn ẹbí kan ti ń wá hú ọmọ wọn padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka àwọn orúkọ náà sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ki ènìyàn.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé orúkọ wo ni ìyá Thorpe ń pè é. Mo ní Wa-Tho-Huk, ọ̀nà tó mọ́lẹ̀. Wọ́n pè é, kò tọ̀nà, mo tún un pè, wọ́n tún pè é, a sì ń bá a bẹ́ẹ̀ títí a fi kọjá Harrisburg, tí ó wá yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.