Ṣé Á Parí, àbí Kò Ní Parí?

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ́ ọmọdé ní kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá dé orí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe, bébà àti bírò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un. Kó mú nọ́ńbà kan. Bó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kó pín in. Bí kò bá ṣeé pín, kó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kó fi 1 kún un. Kó máa ṣe é lọ títí yóò fi kan 1. Tó bá mú 6, ìgbésẹ̀ 8 péré ni: 3, 10, 5, 16, 8, 4, 2, 1. Ẹ wá ní kó mú 27. Ìgbésẹ̀ 111 nìyẹn, nọ́ńbà náà á sì gòkè dé 9232 kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kó tó dé ìdajì, á ti bi yín pé, "Ṣé èyí máa parí báyìí?" Ìbéèrè tí à ń wá nìyẹn.

Ṣé a lè kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ó máa gbé kóòdù èyíkéyìí fún, tí á sọ, láìṣì í sọ rárá, bóyá á parí tàbí á máa yí po títí ayé? Ẹ pè é ní Aríran. Bí Aríran bá wà, ó rọrùn láti kọ Olóríkunkun, ètò mìíràn tí á máa bi Aríran nípa kóòdù tí a bá gbé wá: "Bí a bá gbé kóòdù yìí fún ara rẹ̀, ṣé á parí?" Bí Aríran bá ní á parí, Olóríkunkun á máa yí po láìdúró, bó bá ní kò ní parí, kíá ni á dúró. Ẹ wá gbé kóòdù Olóríkunkun fún Olóríkunkun. Ohun yòówù kí Aríran sọ, irọ́ ni á já sí. Aríran kò lè sí nìyẹn. Inú iṣẹ́ Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1936 ni èrò yìí ti wá.

Gbígbé kóòdù fún ara rẹ̀ ló máa ń da ọmọ láàmú jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó rí i pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ètò tó ń ka iye lẹ́tà inú fáìlì lè ka tirẹ̀ náà.

Ẹ má sọ fún un pé eré 27 yẹn, tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ ìṣirò kan, Collatz, pè, ni ohun tí kò ṣeé ṣe o. Kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí hàn pé gbogbo nọ́ńbà ló máa kan 1, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè rí i lọ́la. Ti Aríran yàtọ̀: bí kọ̀ǹpútà yára tó kò kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìlọ́po mẹ́ta di ìlọ́po márùn-ún, kó fi kọ kóòdù. 3 á kan 1 ní ìgbésẹ̀ 5. 13 á lọ, á bọ̀, ní ìgbésẹ̀ 10 á tún di 13, kò sì ní parí láé. 7 ńkọ́? Òkè ló ń lọ ṣáá, kò sì tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí sọ bóyá á kan 1. Nítorí náà, kí kóòdù ọmọ náà ní ìdáhùn mẹ́ta: "ó parí", "nọ́ńbà kan tún padà wá, kò ní parí", àti, bí ìgbésẹ̀ 1000 bá pé, "mi ò tíì mọ̀". Ẹ má jẹ́ kó fi ìkejì rọ́pò ìkẹta.