Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí Michigan fi àmì mẹ́ta péré nà wá

Ẹni tó bá wá kí mi nílé ní Columbus yóò rí àsíá Ohio State, yunifásítì ìlú wa, níwájú ìta, yóò sì rí i pé epo ọkọ̀ ti ta sí i lára. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́, ní 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yín kò kọjá Arsenal àti Chelsea: bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbá a, ṣùgbọ́n pápá Ohio State ń gba èèyàn tó lé ní 100,000, ó sì máa ń kún. Ti àwa àti Michigan, ìjà orogún ni. Láti 1897 ni wọ́n ti ń kojú ara wọn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pàdé, ṣe ni wọ́n máa ń fi téèpù pupa pa gbogbo lẹ́tà M tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà rẹ́. Àwọn àgbà wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ Michigan, "ẹgbẹ́ òkè ọ̀hún yẹn" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo dé, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pé ọdún méjì tí èmi náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti nà wá ní 2021, ní 2022, ní 2023. A ní ti ọ̀tẹ̀ yìí á yàtọ̀. Ipò kejì la wà ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn sì ti pàdánù márùn-ún nínú mọ́kànlá tí wọ́n gbá. Ilé wa ni wọ́n tún ń bọ̀. Mo wá pe àna mi, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Ann Arbor níbi tí yunifásítì Michigan wà, kó kó ìyàwó àti ọmọ wá ṣọdún Ìdúpẹ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n dúró di Sátidé. Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú mi pè é. Mo fẹ́ kó jókòó sórí àga mi, kó fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí a máa fi jẹ wọ́n.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. 10-10 ni wọ́n bá lọ ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa ò rí àmì kan mọ́. Ọmọ tó ń bá wa gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó gbá méjì sọnù. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Michigan, gbogbo èyí tó jù látàárọ̀ ò ju yáàdì 62 lọ, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ń rí bẹ́ẹ̀ níbi ẹyọ kan. Síbẹ̀, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń fi èjìká tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45, Dominic Zvada tiwọn gbá a láti yáàdì 21, ó gba àárín òpó kọjá. 13-10.

Àna mi ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́" yẹn ló gún mi lọ́kàn ju ìyà náà lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ Michigan ti ń gbé àsíá wọn bọ̀ láàárín pápá wa, ìjà ti bẹ́, ọlọ́pàá ń fín ata sí wọn lójú. Èmi jáde, mo já àsíá tèmi wálẹ̀, mo jù ú sábẹ́ mọ́tò níbi tí ọ́ìlì ti ń kán. Mo gòkè, mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá ibí pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kílẹ̀ tó ṣú. Mo pe ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù sọnù ní ẹlẹ́sẹ̀ igi, ọmọ tí mo lè bí. Mo tún búra pé n kò ní wo bọ́ọ̀lù wọn mọ́ lọ́dún yẹn.

Bẹ́ẹ̀, iyán ń bẹ nílẹ̀ tẹ́nìkan ò fọwọ́ kàn. Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ní, "Ó ti sùn." Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n máa fi wakọ̀ nínú òtútù yẹn, pẹ̀lú ọmọdé, èmi tí mo ránṣẹ́ pè wọ́n ò sì dìde sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ìyàwó mi pè láti Abẹ́òkúta. "Ọkọ mi, wọ́n ní ara yín ò yá lánàá. Ṣé ẹ ti lo oògùn?" Mo ní mo ti lò ó, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. Mo ṣáà gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan bíi pé ẹ bá wọn mulẹ̀, tí wọ́n bá nà yín, ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíràn kó bá yín tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn, wọ́n ò pa á rẹ́. Bí Michigan ṣe nà wá tó, a ṣì ráyè wọ ìdíje ife gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ kan fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21 oṣù kejìlá, mo kọ̀ ọ́ nítorí ìbúra òmùgọ̀. A na Tennessee 42-17 lọ́jọ́ náà. A na Oregon, a na Texas. Ní 20 oṣù kìíní 2025, ní Atlanta, a fi 34-23 gba ife lọ́wọ́ Notre Dame. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà ni. Ẹlẹ́sẹ̀ igi mi ọjọ́sí ló sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Kò pẹ́, ẹnìkan nínú WhatsApp wa gbé ọ̀rọ̀ mi síta padà. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ti àna mi, n kò fi fóònù bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni kó fi lọ bẹ̀bẹ̀. Nínú oṣù kejìlá, mo wakọ̀ lọ sí Ann Arbor, èmi àgbà, mo ní, "Má bínú, mo hùwà ọmọdé." Ó ní kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò tètè bá mi rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́.

Ní oṣù kọkànlá 2025, ilé wọn ló kàn. A jọ wò ó ní pálọ̀ rẹ̀, yìnyín ń bọ́. A nà wọ́n 27-9. Mo rọra ń mi orí, mi ò ní ẹ pẹ̀lẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire," ó sì lọ bu ọbẹ̀ wá. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo rò pé ó ti wọ yàrá. Àfi bí mo ṣe dé ìdí mọ́tò tí mo bá a níbẹ̀, kò wọ ìbọ̀wọ́, ó ń ha yìnyín kúrò lára gíláàsì iwájú fún mi.

"Ẹ rọra wakọ̀ o," ó ní. "Tí ẹ bá délé, ẹ pè wá."