Bob Gibson ní 1968: 9 yẹn ló ń dùn mí

Láti àná ni mo ti ń wo nọ́ńbà Bob Gibson, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún St. Louis Cardinals nínú baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1968, mi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. ERA 1.12 ni gbogbo ayé máa ń pariwo, àmọ́ èmi, ibi tí ojú mi dúró sí ni kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: ó wín eré 22, ó pàdánù 9. Mẹ́sàn-án kẹ̀! Báwo?

Ẹni tí ò bá mọ ERA, rọ́ọ̀nù (ìyẹn àmì ayò tí ẹgbẹ́ kejì jẹ) tó bá tọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ wá ni wọ́n ń kà, wọ́n á wá wò ó pé mélòó ló bọ́ sí íníngì mẹ́sàn-án, ìyẹn ìpín mẹ́sàn-án tó máa ń wà nínú eré kan (èyí tí àṣìṣe àwọn yòókù bá fà ò sí ńbẹ̀). Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Mo ṣírò ẹ̀ fúnra mi: rọ́ọ̀nù 38 lọ́nà 9 jẹ́ 342, mo fi íníngì 304 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta pín in, 1.12 náà ló jáde. Eré 34 ló bẹ̀rẹ̀, 28 ló jù dópin láì sí pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, nínú 13 wọn ò rí rọ́ọ̀nù kankan jẹ, márùn-ún nínú ẹ̀ sì tẹ̀ léra wọn gbọọrọ ní oṣù kẹfà. Ah, èèyàn ni ṣá!

Ẹ wá wo bó ṣe ń pàdánù. September 17, San Francisco, Gaylord Perry ló ń jù fún Giants. Íníngì àkọ́kọ́, Ron Hunt ti Giants gbá hómù-rọ́ọ̀nù (ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, ó fi jẹ rọ́ọ̀nù), Hunt tó jẹ́ pé méjì péré ló gbá lọ́dún yẹn látòkè délẹ̀. Ó parí síbẹ̀ nìyẹn, 1-0, torí Perry ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú àwọn Cardinals gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wúlò (hit). Gibson gba ẹyọ kan wọlé, wọ́n kọ pàdánù sí i lọ́rùn. Ó ń bí mi nínú títí dòní.

Lọ́dún yẹn náà, Denny McLain tó ń jù fún Detroit wín eré 31, ó pàdánù 6, ERA tiẹ̀ sì jẹ́ 1.96. Ó jù dáadáa o, mi ò ní kó má gba oríyìn, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n fi kọ́lọ́ọ̀mù wín nìkan mọ ẹni tó jù dáadáa jù lọ, mi ò ní gbà láéláé. (Lẹ́yìn ọdún yẹn ni wọ́n gé òkìtì tí wọ́n ń dúró lé jù ú kù láti ínṣì 15 sí 10, kí àwọn tó ń gbá a lè rí èémí mí.)

October 2, àwọn méjèèjì pàdé nínú eré àkọ́kọ́ ní World Series (àṣekágbá ọdún), Cardinals borí 4-0, Gibson dá èèyàn 17 padà láì jẹ́ kí wọ́n gbá a. Ẹni ìkẹtàdínlógún ni Willie Horton: bọ́ọ̀lù yẹn kọ́kọ́ ń bọ̀ bí ẹni pé ara ẹ̀ ló máa bà, Horton fà sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù sì ṣẹ́rí wọlé, adájọ́ eré gbọ́wọ́ sókè pé Horton ti jáde nìyẹn.