Ọmọlangidi tí wọ́n pa lórí ìtàgé

Ẹ̀yin tí ọ̀dà ń fún lóúnjẹ, ẹ lọ wo àwọn àwòrán ìkéde eré àti ètò mìíràn tí ìjọba Amẹ́ríkà sanwó fún láyé ọ̀dá owó, lẹ́yìn ọdún 1930. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba wọn, kó iye tó lé ní 900 nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi máa ń kun ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu níbí, mo sì ń kọ pátákó fún àwọn aránṣọ àti onídìrí, torí náà ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ wò.

Àwọ̀ wọn kì í pọ̀. Ayàwòrán kan, Anthony Velonis, ló kọ́ àwọn tó ń ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà gba inú aṣọ tí wọ́n nà mọ́ férémù: wọ́n á dí ibi tí ọ̀dà ò gbọdọ̀ dé, wọ́n á tẹ pupa, ó di ìgbà tó bá gbẹ kí wọ́n tó tẹ dúdú. Kò sí pé à ń po àwọ̀ mọ́ra láti fi ṣe òjìji. Ojú gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà nìyẹn! Ẹni tó dúró lẹ́yìn èrò gbọ́dọ̀ rí i. Osùn, ẹfun àti ẹ̀lú làwọn bàbá wa fi ń kùn ún. Ọ̀dà agolo ni tèmi. Àwọn kan ní ó ń dán jù. Kí wọ́n máa wí.

Ní ọdún 1933, bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́rin lọ́hùn-ún, ọ̀kan ò níṣẹ́. Nígbà tó di 1935, ìjọba dá WPA, iléeṣẹ́ tó ń fún àwọn tí kò níṣẹ́ níṣẹ́, sílẹ̀, wọ́n ń sanwó fún ayàwòrán àti òṣèré bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó ń la ọ̀nà. Hallie Flanagan ló ń darí ẹ̀ka eré. Nínú eré tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, Pinocchio ló wù mí jù: àlọ́ Carlo Collodi ará Ítálì, tí Yasha Frank sọ di eré. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ọmọlangidi, ọmọlangidi fẹ́ di ènìyàn. Àwa tí ère orí wa ń mira nígbà tí a bá fa okùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ta ni a ó ní kó ṣàlàyé ìyẹn fún wa?

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn ẹ̀ka eré pé ìṣèlú kọ́múníìsì ló wà nínú eré wọn, wọ́n sì dá owó dúró ní June 30, 1939. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní Ritz Theatre ní New York, Pinocchio ò di ènìyàn mọ́. Ó padà di igi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé wó ilé tí wọ́n kùn lulẹ̀ lójú èrò, wọ́n tẹ́ ọmọlangidi sínú pósí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé December 23, 1938 ni wọ́n bí i, òfin àwọn aṣòfin ló pa á.

Ẹ̀fẹ̀ pọ́ńbélé ni! Lóru, kí gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ máa ń fi orin bú ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa, ìbáà jẹ́ ìjòyè, kò sì sẹ́ni tó lè mú un, torí abẹ́ àwọn ìyá wa ló wà. Àwọn ti Amẹ́ríkà ò níyàá tó lè dá wọn sí.

Mo sọ ọ́ fún bàbá tó ń gbẹ́ ère tí mo ń kùn. Ó ní, "Ta ló sanwó fún àwọn tó wó ilé yẹn?"

Mo ní, "Ìjọba náà ni, Bàbá. Ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú owó iṣẹ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àáké sílẹ̀.